Ìwọ̀n Ìbàdí Tó Pòórá

Ọjọ́bọ̀, Sinkor

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ èyí: ohunkóhun tí mo bá dáwọ́ lé, n kì í parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi áàpù ìwọ̀n aṣọ tí mo ń kọ yìí pamọ́ fún Ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi, títí di òní.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló ń gbé. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárọ̀, síbẹ̀ ó ṣí! Ìyá Bọ́lá fúnra rẹ̀ tẹ ìwọ̀n Ma Hawa, oníbàárà rẹ̀, sí i, ó sì pa á dé. Nígbà tó tún ṣí i, òfìfo ló bá. Mi ò tíì sọ fún áàpù náà pé kó máa tọ́jú ohun tí a bá tẹ̀ sí i.

Ma Hawa tún na apá kí wọ́n wọ̀n ọ́n. "Ay, my man, your computer na eat my waist-o!" Ó ní kọ̀ǹpútà mi ti jẹ ìbàdí òun.

Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà náà. Ìyá Bọ́lá gbá ọwọ́ mi dànù. "Bàbá Bọ́lá, ó ṣí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àbí ẹ ò rí i ni? Ẹ ṣáà kọ́ ọ kó má máa gbàgbé, kí n lè máa fi ṣiṣẹ́."

Ó ní òun á máa fi ṣiṣẹ́. Áàpù tí èmi kọ...

Lọ́la, kí n tó jẹun, màá kọ ibi tí yóò máa tọ́jú ìwọ̀n sí, màá sì ní kí Ìyá Bọ́lá pa á dé, kó sì tún un ṣí lójú mi.