Ohùn Tí Ẹ̀rọ Iná Fà Yọ Lọ́fun Mi Kì í Ṣe Ohùn Mi

Agbo Ilé Abíọ́nà,
Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Komu,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún, 1983.

Dókítà Àgbà,
Ilé Ìwòsàn Ọ̀nà-Àbáyọ,
Ṣakí,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN Ẹ̀RÍ PÉ Ẹ̀RỌ YÍN LÓ FỌHÙN LỌ́JỌ́BỌ̀ TÓ KỌJÁ, KÌ Í ṢE ÈMI

Mo kí yín, mo kí iṣẹ́. Èmi ni obìnrin ará Komu tí ẹ gbé ẹ̀rọ iná lé lọ́fun ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aboyún tó jókòó síta fi dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀sùn mi kì í ṣe pé iṣẹ́ yín kò dára. Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀sùn mi ni pé ẹ wo àìsàn tí kò ṣe mí sàn, ìwòsàn náà sì fẹ́ gba òrùlé lórí ilé ìdáná mi.

Iṣẹ́ èlùbọ́ ni mò ń ṣe. Orí àjà ilé ìdáná ni mò ń kó gbodo sí, ìyẹn iṣu tí mo ti bọ̀ tí mo sì ti sá gbẹ, kí èéfín lè máa lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀ títí ọjà yóò fi dára. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo ilé náà. Ikán ti jẹ ẹ́ débi pé bí mo bá ń ro ọkà lálẹ́, mò ń rí òṣùpá. Bí òjò bá sì kan gbodo, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè fi sínú ọlọ. Nítorí èyí ni èmi àti ọkọ mi, Ràmọ́nì Abíọ́nà, fi ta iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì ra páànù. Àjọsọ wa ni.

Ṣùgbọ́n kí káfíńtà tó dé, ọkọ mi lọ sí Òkèhò, ó ra ẹyẹlé bọ̀. Ó ní páànù náà ni òun yóò fi kọ́ ilé alájà méjì fún wọn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹyẹlé. Mo bi í bóyá ẹyẹlé ni yóò máa gúnyán fún un, ó sì dáhùn pé ẹyẹlé kì í sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí olówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Láti ìgbà náà ni mo ti yàn án lódì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìlànà agbo ilé wa fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi wà. Bí tọkọtaya bá yan ara wọn lódì lọ́dọ̀ wa, Baálé wa, Bàbá Ládòkun, kì í dá sí i. Baálé a kó ohun tí tọkọtaya náà ń jà sí lọ sábẹ́ ibùsùn ara rẹ̀, a sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọhùn sí ẹnìkejì, òun ló túúbá, ẹnìkejì ló ni nǹkan náà. Obìnrin tó ń yanni lódì gbọ́dọ̀ máa se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ó sọ ibi tó gbé e sí. Ìlànà yìí ti parí ìjà púpọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Baálé wa le koko. Lọ́dún kan, ìyàwó Ìyápọ̀ ń lé ewúrẹ́ lójú ọkọ rẹ̀ tó yàn lódì, ó ní kí ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìyápọ̀ dìde, ó kúrò níbẹ̀. Baálé dá Ìyápọ̀ láre pé òun ni ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí obìnrin agbo ilé wa tó ń yán níbi tí ọkọ tó yàn lódì bá wà. Àwọn ọkùnrin náà gbọ́n, wọn a kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi wá ń bá àwọn ẹyẹlé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé ejò wọ ilé ìdáná. Mo mú igi, mo wọlé, mo lu okùn àgbọn kan títí ó fi já, n kò sọ nǹkan kan. Ó sọ fún wọn pé ọbẹ̀ ìyá òun dùn ju ọbẹ̀ ẹnì kan lọ. Mo gbé e mì. Nígbà tó rí i pé òjò ń bọ̀, tí n kò sì túúbá, ó ní kí Fàtímọ̀ ọmọ wa wá sọ fún mi pé àbúrò mi ti bímọ sí ilé ìwòsàn yín. Mo wẹ̀, mo ró ìró tuntun, mo tẹ̀lé ọkọ mi wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí.

Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù. Àbúrò mi kò bímọ. Ọkọ mi sọ fún yín pé ohùn mi ti lọ láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ẹ bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni, òun sì dúró ti èjìká mi gbagidi. Bí mo bá ní ara mi dá, yóò ní a dúpẹ́, òun ni mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo nawọ́ sí i, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn, kí ẹ lè ní kí ó bọ́ síta. Nọ́ọ̀sì yín ní aláìsàn fẹ́ sá lọ, ó ti ilẹ̀kùn pa. Mo nawọ́ sí bíírò tó wà lápò Ọ̀gbẹ́ni Mákindé tó ń tọ́jú iṣan, kí n lè kọ ọ̀ràn mi sílẹ̀. Ó ní kí n lanu, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ìdérí bíírò nínú ọ̀fun mi.

Ọmọlúwàbí ni Ọ̀gbẹ́ni Mákindé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé iná díẹ̀ ni yóò gba inú wáyà méjì wọ iṣan tó ń gbé ohùn, láti jí i. Ó ní nígbà mìíràn kì í ṣe ọ̀fun ló ń ṣàìsàn, ìbànújẹ́ ló ti ohùn mọ́lé. N kò lè jiyàn. Ó ní yóò dà bí ìgbà tí èèrà bá géni jẹ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, kì í ṣe èèrà. Ìjàlọ ni, gbogbo agbo wọn pẹ̀lú àwọn àlejò wọn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹnu mi ti là, mo ti ké pe Bàbá Fàtímọ̀ pé kí wọ́n gbà mí. Ẹ pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọkọ mi fèsì pé òun ti gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí a fi dé Komu.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi mẹ́nu, mo métè, ọ̀ràn sì gba ọ̀fun wọlé. Mo ti padà sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi, òun ló jẹ́ kí n máa fi ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kọ̀wé dípò kí n wá fúnra mi. Ọkọ mi ní mo ti túúbá, ṣùgbọ́n Baálé ní òun kò mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Ó ní bí onílé ìwòsàn bá lè sọ pé iná ló fa ohùn náà jáde, ìjà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, páànù di ti ẹyẹlé. Òjò kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi ní ìwé tó ní òǹtẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ yín kì í yan ohun tí yóò wí.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ̀rọ yín wu ọkọ mi. Ó ti sọ fún àwọn ẹyẹlé pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́rú nítorí orúnkún rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ẹ má sì fún un ju èyí tí ẹ fún mi lọ. Kí Ọ̀gbẹ́ni Mákindé sáà tẹ́tí sí ohun tí yóò ké. Bó bá pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, tàbí ẹyẹlé, ẹ fi ìwé ẹ̀rí mi ránṣẹ́ kíákíá, n óò bá a jà dé òpin.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ mi, Àwáwù, ló pè, ẹ má kọ ìwé kankan. Mo ti pè é lójú gbogbo yín nígbà tí ara ń ta mí. N kò mọ̀ mọ́ bóyá òun yóò pe èmi, iyèméjì yìí gan-an ló sì ti ohùn mi mọ́lé láti ìgbà tí ẹyẹlé ti dé. Bó bá pè mí, ẹ sọ fún un pé kí ó máa bọ̀ nílé. Èmi ni n óò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, ní ohùn rara, lójú Baálé, kí ẹyẹlé máa gbé lábẹ́ páànù, kí òjò máa pa mí.

Ẹ ṣeun, ẹ kú sùúrù ìwé gígùn.

Èmi ni tiyín, tí n kò tíì fọhùn,

Àwáwù Abíọ́nà (Ìyá Fàtímọ̀),
Alága Ẹgbẹ́ Aṣèlùbọ́, Komu.