Ààwẹ̀ Tí N Kò Gbà

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹta, 1976. Àdúgbò Àgùdà.

Mo kọ̀ fún Àǹtí Dúpẹ́ lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, n kò sì kọ̀ fún wọn rí.

Bí mo ṣe ti ilé ìwé dé ni mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ti gbé ìgò oògùn mi sórí tábìlì. Wọ́n ní wòlíì ìjọ wọn ríran sí mi: kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, kí n sì da oògùn náà nù. "Ìwọ tí o máa ń kọrin kiri ilé tẹ́lẹ̀. Oògùn yìí ti gba ìwà rẹ lọ."

Orin yẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi sùn nígbà orin yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì, tí Àǹtí fúnra wọn ń wẹ̀ fún mi. Àbí wọ́n ti gbàgbé ni...

Dókítà ní nǹkan kan nínú ọpọlọ mi ló ń ru sókè, tó tún ń rọlẹ̀, oògùn yìí ló ń dì í mú. Ó ní n kò gbọdọ̀ dá a dúró, n kò sì gbọdọ̀ fi òùngbẹ jẹ ara mi níyà, torí oògùn náà lè di májèlé lára ẹni tí kò mumi.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ máa gbàdúrà fún mi. Àmọ́ n ò ní gbààwẹ̀ yẹn."

Bí oògùn bá ti gba ìwà mi lọ, ta ló wá dá wọn lóhùn?

Mo gbé oògùn mì lójú wọn pẹ̀lú ife omi kan. Wọ́n ṣì ń wò mí. Mo bu ife kejì, mo mu ún tán, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ kò gbẹ mí.