Bátìrì Tó Fúyẹ́ Jù Lójú Mi

Alápòtí,
Ọjọ́ Ajé.

Adérẹ̀mí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí Treasure ọmọ-ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìkẹjà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó ń gbé láàárín èrò kò ní gbójú kúrò lára yín. Àwa náà wà níbí, ebi kò pa wá, ìbànújẹ́ kò kan ilẹ̀kùn wa. Fi ọkàn balẹ̀ kí o tó ka èyí tó kù, nítorí pé ìyá rẹ wà dáadáa, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ sì tutù nínú fíríìjì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fọwọ́ kàn án ni.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjì ti ṣí òrùlé wa, inú ọkọ̀ gbọọrọ tó o kó wọlé fún títà, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú, la ń gbé. Ìyá Oníbọ́ọ̀sì ni àwọn ará àdúgbò ń pe ìyá rẹ báyìí, ó sì ń dá wọn lóhùn. Àwọn bátìrì tó ń gbé iná inú ọkọ̀ náà ló ti darúgbó. Bó ti wù kí n fún wọn lómi tó, wọn kì í gbé fíríìjì títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé oògùn ìyá rẹ yóò bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nígbà tí Títílọlá, oníṣẹ́ iná tó o rán sí wa, dé, mo gbà á lálejò dáadáa. Àmọ́ bó ṣe fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé bátìrì tuntun sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, àyà mi já. Ìwọ náà mọ̀ pé ìdí òṣùwọ̀n àlòkù irin ní Ṣàngó ni mo ti rán ọ níléèwé. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í bi bátìrì léèrè orúkọ, a máa ń gbé e wò ni. Bó bá wúwo, òjé wà nínú rẹ̀. Bó bá fúyẹ́, a jẹ́ pé wọ́n ti kó ìfun rẹ̀ jáde. Mo sọ fún un pé àpótí òfìfo ni wọ́n tà fún ọmọ mi. Ó ní bátìrì lítíọ́mù ni, pé kò sí òjé nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń fúyẹ́ nìyẹn. Mo ní kó fi ihò tí a ó máa fún un lómi hàn mí, ó ní kì í mu omi. Ta ló ń ṣiṣẹ́ tí kì í mu omi? Ni mo bá gba báàgì irinṣẹ́ rẹ̀, mo jókòó lé e, mo ránṣẹ́ pe Fàlílù, ẹni tó gba ipò mi nídìí òṣùwọ̀n, pé kó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá.

Fàlílù wọn ògbólógbòó, ó wọn tuntun, ó mi orí. Ó ní bí wọ́n bá gbé tuntun yẹn wá sọ́dọ̀ òun, òun kò ní fún wọn ju owó àkàrà lọ. Mo ní kí Títílọlá máa gbé e padà lọ. Gbogbo ìgbà yìí, ó ti tú àwọn ti àtijọ́ sílẹ̀, fíríìjì ti dákẹ́, oòrùn sì ń ta. Ìyá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ tútù wé oògùn rẹ̀ sórí itan. Kò bá mi jà. Ó dìde, ó gun orí òṣùwọ̀n Fàlílù, ó ní kí n wo òun dáadáa. O mọ bí àìsàn yẹn ti mú un gbẹ tó. Ó ní ṣebí òun náà ti fúyẹ́, kí ló dé tí n kò tíì dá òun padà sílé bàbá òun.

Adérẹ̀mí, jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ tí aṣọ rẹ̀ ti ń tóbi jù fún un ni ẹ̀rù ti ń bà mí, bátìrì ni mo wá gbé ẹ̀rù náà lé lórí. Mo dìde kúrò lórí báàgì.

Títílọlá so bátìrì tuntun náà, ó sì pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún un níná, ó ní ti àtijọ́ kò bá a mu. NẸ́PÀ mú iná lọ lọ́jọ́ kejì, wọn kò tíì rántí wa, síbẹ̀ fíríìjì ń kùn bí oyin. Mo ti ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Títílọlá fi nǹkan kan sínú fóònù mi tó ń fi iye iná tó kù hàn. Ó yà mí lẹ́nu pé iná odindi ọkọ̀ gba inú fóònù kékeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo fi rán awakọ̀ kan ní Toll Gate, torí n kò ní fi iná tó ń mú oògùn ìyá rẹ tutù sọ̀rọ̀ lásán. Kàfáyá aládùúgbò wa fẹ́ yá a pe ọmọ rẹ̀, mo ní kó má dán an wò. Bí o bá pè tí n kò gbé e, má bínú.

Fàlílù fẹ́ ra àwọn bátìrì àtijọ́, n kò tà wọ́n. Mo ti so wọ́n mọ́ ìdí ọkọ̀, nítorí pé ìjì tó gbé òrùlé lọ lè gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti fúyẹ́, ìyá rẹ sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ṣéènì tí a ó fi de ọkọ̀ náà mọ́ igi máńgòrò. Fi owó ẹyin àti ẹja ìyá rẹ kún un, àti ti Títílọlá, torí nǹkan kan kán nínú báàgì rẹ̀ nígbà tí mo jókòó lé e. Má fi owó náà ránṣẹ́ sínú fóònù o, iná ti kún ibẹ̀. Fún awakọ̀ náà kó mú un bọ̀. Ti òrùlé, má tíì da ara rẹ láàmú. Ìyá rẹ ní òun kò ní padà sínú ilé tí fíríìjì rẹ̀ ń kú, nítorí náà bí oníbàárà bá béèrè ọkọ̀, sọ fún un pé àwọn kan ń gbé inú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run mú ẹrù orí rẹ fúyẹ́, kí ó mú àpò rẹ wúwo, kí ohun tó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ má ṣófo láé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọláwẹwọ́.

Mo fẹ́ gbàgbé. Ìyá rẹ tún gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ yìí nígbà tí Fàlílù gbé e wá nítorí àwọn bátìrì àtijọ́, ó ti wúwo sí i díẹ̀. Mo ti sọ fún Fàlílù pé èyí náà kì í ṣe títà.