Bí Àwo Idẹ Ṣe Pa Bàbá Rẹ Lẹ́nu Mọ́

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run tó sìn mí délé láyọ̀ á máa ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ rẹ. Àwa náà wà, a ò kú, a ò rùn, àfi orúnkún bàbá rẹ tó tún ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ṣàìsàn rárá.

O mọ̀ pé òun ló rán mi wá wò ọ́. Ó ní tí iṣẹ́ orin tí o ń ṣe yẹn ò bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, kí n mú ọ bọ̀ wálé wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Nítorí náà, mo la ojú mi sílẹ̀ kedere nínú gbọ̀ngàn ńlá tí ẹ ti ṣeré yẹn. Bí gbogbo yín ṣe wọ dúdú jáde, mo bi ìyá tó jókòó tì mí pé ta ló kú, mo sì bá a kẹ́dùn. Ó wò mí, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara ni.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń fi igi rẹ́ igi bí bàbá rẹ ṣe ń rẹ́ pákó, àwọn kan ń fọn fèrè, ọkùnrin kan sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó ń na igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí wọn. Kò lu nǹkan kan, kò fọn nǹkan kan, òun ni wọ́n sì gbé òdòdó fún nígbẹ̀yìn. Kò síbi tí irú wọn ò sí. Nígbà tí ẹ sinmi díẹ̀, mo dìde, mo pàtẹ́wọ́ gidi. Èmi nìkan ni, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi. Mo juwọ́ sí wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣahun, èmi ò lè bá wọn ṣe é.

Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi ọ́ sí, o gbé àwo idẹ méjì lé itan, o ń wòran bíi tiwa. Òógùn bò mí. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ nílé? Àfi bí gbogbo wọn ṣe ń pariwo lọ sókè tí o dìde, o na apá, o sì gbá àwo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Orí mi wú. Omi bọ́ lójú mi, mo kígbe pé ọmọ mi nìyẹn.

Mo délé, mi ò lè purọ́ fún bàbá rẹ. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lu tìrẹ. Ó ń fi pẹ́ńsù họ orí. Ó bi mí pé àwọn wo ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó kàn ọ́, mo ní gbogbo wọn. Ó ní lẹ́yìn tí o lù ú ńkọ́, mo ní orin tán, gbogbo èèyàn dìde. Ló bá fọwọ́ sọ̀yà, ó ní ṣé mi ò rí i ni, pé ní ṣọ́ọ̀bù òun, àwọn ọmọṣẹ́ ní ń rẹ́ pákó látàárọ̀, ọ̀gá ní ń kan ìṣó ìkẹyìn. Ó ní ìwọ lọ̀gá wọn.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, sì bá wa sọ fún onígi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kó sún díẹ̀, kó má dí bàbá rẹ lójú. Ọwọ́ rẹ ò ní rọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń dúró dè ọ́, o ò ní pẹ́ dé.

Ó ní kí n má sọ fún ọ o, àmọ́ àpótí ìjókòó tó kàn sílẹ̀ dè ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti tà á lánàá.

Èmi ni,
Ìyá ọ̀gá wọn.