Ìlà Kan, Ebè Kan

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Okun o, Bàbá. Mo mọ̀ pé kò sí posíọ́fíìsì tó lè gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n nǹkan ayọ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin sì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún. Ṣadé, ọmọ-ọmọ yín, ń padà sílé-ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ti gbà á sí kíláàsì kẹrin. Ọwọ́ yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kẹta rèé tí ẹ ti sùn.

Akólòlò ni Ṣadé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí èmi tí mo bí i tó gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà, ó ń tọrọ ẹ̀pà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Ẹ wojú mi, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú bí mi. Mo ní ọmọdé ló ń ṣe é, pé á tán. Kò tán, Bàbá. Ohun tí ẹ ní ni mo ní, ohun tí mo ní náà ló ní. Àwọn kan ń jogún ilé, àwa ń jogún ahọ́n.

Kíláàsì kẹta ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ti kún kíláàsì fọ́fọ́, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sì dojú kọ wọn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò ráyè ni. Tó bá kan Ṣadé láti kàwé sókè, kó tó gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde, àwọn ọmọ á ti máa sín in jẹ, olùkọ́ á ní kó jókòó, kí ẹlòmíràn kà á. Nígbà tó yá, kò dìde mọ́. Nígbà tó tún yá, kò sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Bí ebi bá ń pa á, á tọ́ka sí ìkòkò. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ tó ń kólòlò ṣì ń sọ̀rọ̀. Èyí tó dákẹ́ ńkọ́?

Olúkúlùkù wá gbé ìmọ̀ràn dé. Ọkọ mi wálé láti Ìlọrin, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ní òun á mú un lọ sí ilé-ìwé kan níbẹ̀ tí wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́. Màmá ní kí n mú un lọ fún àbúrò àwọn ní Amúrò, kó lọ kọ́ òwò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, Bàbá! Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni kò rí nǹkan kan sọ. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo sọ fún wọn pé ọmọ mi á jókòó tì mí fún ọdún kan, èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ níwèé. Ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀. Ó béèrè pé ìwé mélòó gan-an ni èmi aránṣọ kà. Mo ní ìwé mẹ́fà ni mo kà, orí ebè ni mo sì ti ka mẹ́ta nínú ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí? Tíṣà fi pàsán lù mí nítorí pé mi ò lè dáhùn nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ. Ẹ wá sí ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ ò bá a jà. Ẹ ò lè fi ẹnu bá ẹnikẹ́ni jà, àwa méjèèjì la mọ ìdí ẹ̀. Ẹ gbé síléètì mi, ẹ fà mí lọ́wọ́, a sì gba ọ̀nà oko lọ. Sítándáàdì Tú péré ni ẹ kà dé nílé-ìwé mísọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun kan tí tíṣà ò mọ̀. Tí ọwọ́ yín bá ti wà lẹ́nu ọkọ́, ahọ́n yín kì í há. Ẹ lè máa bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ wá ṣe ọkọ́ kékeré fún mi, ẹ fi èèkù tó bá ọwọ́ mi mu sí i. Ẹ ó gbé ìwé lé orí ebè tí a ti kọ tán, ẹ ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Màá wo ìlà kan, màá fi ọkọ́ wa ilẹ̀, màá sọ ọ̀rọ̀ kan. Màá tún wa á, màá tún sọ òmíràn. Ìlà kan, ebè kan. Àwọn tó ń lọ sí Ayétòrò-Gbẹdẹ á dúró lójú ọ̀nà láti wo ọmọbìnrin tó ń kọ ebè bí ọkùnrin, tó tún ń pariwo ìwé mọ́ ilẹ̀. Wọ́n ní orí yín ti dàrú. Ẹ ò dá wọn lóhùn, ẹ kàn ń juwọ́ sí wọn.

Ìṣirò ńkọ́? Inú àká iṣu ni. Ká yọ iṣu tó jẹrà kúrò nínú èyí tó yè, ká wo iye tó kù. Títí dòní, tí wọ́n bá ti ní kí n yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan, òórùn iṣu jíjẹrà ló ń wá sí mi nímú.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá há mi lọ́fun, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èèmọ́ lára ṣòkòtò yín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní wo ojú mi rárá. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ mi. Mo padà sílé-ìwé ní kíláàsì kẹfà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n dìde kàwé, ọwọ́ mi ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, mò ń kọ ebè láàárín kíláàsì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n mo kà á tán, Bàbá.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún Ṣadé náà nìyẹn. Mo tilẹ̀ rò pé mo gbọ́n jù yín lọ. Mo ní kó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó sì máa kàwé. Bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré ni ẹ̀rù ń ba ọmọ, ọ̀rọ̀ túbọ̀ ń há. Mo gbé ọmọrí odó fún un. Iyán la rí jẹ, a ò rí ìwé kà. Níkẹyìn mo mú un lọ sí oko yín, tí ẹ̀gbọ́n mi ń dá báyìí (koríko ti gba ìdajì ẹ̀, ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi), mo sì fún un lọ́kọ́. Ó kọ ebè mẹ́rin, ó bú sẹ́kún. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Mo sọ nínú ara mi pé tí a bá délé, màá kọ̀wé sí ọkọ mi kó wá mú un lọ sí Ìlọrin.

Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò ní ọgbọ́n kankan mọ́, mo kàn ń yọ èèmọ́ lára ìró mi. Ìgbà tó ṣe, mo gbọ́ tí nǹkan ń gbìyànjú láti jáde lẹ́nu ọmọ. Mi ò gbójú sókè. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kó tó jáde.

"Màámi, ilẹ̀ yìí le."

Gbólóhùn kan péré! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ilẹ̀ náà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ́ náà ló kọ́ mi, àbí ẹ̀yin tí ẹ dúró dè mí? Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà, tí ẹ kàn ń fi ebè ṣe bojúbojú? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí èmi ṣe fún yín, ojú sì tì mí. Nígbà tí mo dàgbà tí ẹnu mi ti já geere díẹ̀, mo sọ ara mi di ẹnu yín. Lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ mi wá tọrọ mi, tí ẹ dìde láti ṣàdúrà. Kí ẹ tó la ẹnu tán, mo ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín, mo ti sọ ọ́ tán. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ kì í bínú, ẹ kàn máa ń mi orí, ẹ ó sì jókòó. Lọ́jọ́ ìkẹyìn nínú yàrá yín, ẹ wò mí, ẹ fẹ́ sọ nǹkan, ó há. Mo ní, "Omi ni?" Mo sáré bu omi wá. Ẹ mu ún, ẹ sùn, ẹ ò jí mọ́. Ṣé omi lẹ fẹ́, Bàbá? Tí mo bá ti ní sùúrù díẹ̀ sí i, kí ni ǹ bá gbọ́? Ó ń dùn mí. Ẹ foríjì mí.

Àtọjọ́ tí a ti oko dé ni mo ti yí padà. Ṣọ́ọ̀bù mi di ilé-ìwé. Láàárọ̀, kí àwọn oníbàárà tó dé, a ó kàwé. Tápù tí mo fi ń wọn aṣọ la fi ń ṣe ìṣirò, bọ́tìnnì la fi ń ṣe ìpín. Ọ̀rọ̀ tó bá há, a ó dúró dè é. Obìnrin kan láti Ìyàrá bá wa lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ bá Ṣadé sọ ọ́, mo fi síṣọ́ọ̀sì tọ́ka sí bẹ́ǹṣì. Ó ní òun ń kánjú. Mo ní ọmọ mi ò kánjú. Àwọn mìíràn gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn, kí Ọlọ́run bá wọn rán an. Ọkọ mi náà kọ́kọ́ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ nígbàkígbà tó bá wálé. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ti lè jókòó kó dákẹ́ títí Ṣadé á fi parí ìtàn kan. Ẹ mọ̀ pé kò rọrùn fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ìyanu ni mò ń ròyìn o. Ó ṣì ń kólòlò. Ó kàn ti ń sọ̀rọ̀ ni, ó tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ jù.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, mo mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láìpẹ́. Ó ṣí ìwé síwájú ẹ̀, ó ní kó kà á. Ṣadé dìde. Ìlà kejì ni ọ̀rọ̀ ti há. Ọ̀gá la ẹnu láti bá a sọ ọ́. Ṣadé gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí i, bí ọlọ́pàá ṣe ń dá mọ́tò dúró. Ọ̀gá pa ẹnu dé, ó gbé báírò ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà fa ọ̀rọ̀ náà jáde, ó sì ń bá a lọ. Wọ́n lu agogo, àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, wọ́n lu agogo, wọ́n wọlé, Ṣadé ṣì wà lójú ìwé kan náà. Ó kà á tán.

Ọ̀gá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ta ló kọ́ ọmọ yìí?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ tó le sílẹ̀, kí n fi èyí tó rọrùn rọ́pò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kàbà ò mọ̀ pé mò ń kólòlò. Ǹ bá ti sọ pé èmi ni, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo la ẹnu, ó há. Mo rí i lójú Ṣadé pé ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó kọjú sí fèrèsé, kò sì bá mi sọ ọ́. Ọ̀gá náà dúró. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, Bàbá, títí èmi fúnra mi fi sọ ọ́ tán: "Bàbá mi ni."

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín gidigidi.