Ohun Tó Ń Rán Ara Rẹ̀ Lọ

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlẹ́dàá tó bá mi tọ́ ọ dàgbà kò ní í fi ọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń ṣàìsàn báyìí, ó ń rán ibì kan, ó ń fo ibì kan.

Nǹkan tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni gíga tí ẹ ń pè ní Òpó, yà kí wa. Mo bi í pé iṣẹ́ wo gan-an lẹ̀ ń ṣe, ó ní ẹ ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, àti pé bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tò ó pọ̀, á dì í, á sì gbé e lọ sí sitọ́ọ̀ kan tí ẹ háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹnu yà mí. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ọgbọ̀n ọdún, aṣọ kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n má kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ yí ká. Mo bi í pé ta ló ń ṣọ́ sitọ́ọ̀ náà, ṣé ọmọlúàbí ni, ó ní ẹ ò rí i rí. Mo ní ṣé wọ́n ń san owó oṣù fún kọ̀ǹpútà náà, ó ní rárá. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá rẹ gbọ́ èyí, kó má baà lé ọ.

Mo ní bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá wá sùn lọ ńkọ́? Ó ní á ṣì máa lọ ni, pé nígbà tí o wà ní ọsíbítù fún ọjọ́ méjìlá gan-an, ètò tí o là sílẹ̀ kò dúró lọ́jọ́ kan, ó ń gbé iṣẹ́ àwọn yòókù lọ.

Ọsíbítù kẹ̀? Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi fi owó ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ kìíní oṣù, mo rí i lórí fóònù. Ó ní owó yẹn náà ń rán ara rẹ̀ ni, pé o ti sọ fún bánkì látèṣí, àti pé ọjọ́ tó wọlé yẹn gan-an ni wọ́n la ikùn rẹ.

Ọkọ mi, wo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí owó yẹn wọlé. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá, mò ń dúpẹ́ pé ara ọmọ mi le, ìwọ wà lórí tábìlì dókítà. Àṣé láti ọdún tó kọjá, bánkì ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí. Bàbá rẹ ní bánkì tó mọ ọ̀nà fóònù mi tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti fi kún un pé ara rẹ ò yá. Inú ń bí mi sí ọ, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o lọ dá owó yẹn dúró. Kì í ṣe pé a ò nílò owó o, ẹ̀rọ mi ń fẹ́ àtúnṣe, oògùn ẹ̀yìn bàbá rẹ sì ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ ni kí o máa fi rán an, ì báà pẹ́, ì báà kéré. Oṣù tí kò bá dé, mi ò ní bínú. Màá ti mọ̀ pé nǹkan ṣe ọ́, màá di ẹrù mi, màá sì máa bọ̀.

Ojú ọgbẹ́ rẹ á jiná. Àwọn dókítà yẹn kò ní rí ọ mọ́ àfi lójú títì, kí wọ́n kí ọ, kí o kí wọn.

Èmi ni ìyá rẹ, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí.