Ẹ̀wù Ilé Ẹlẹ́gbà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Ojú fèrèsé ní Nyékonakpoè, ní Lomé níbí, níbi tí ẹ gbé e sí, ló ṣì wà, mo sì ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń kọ ìwé yìí. Nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀ létí òkun lọ́la, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, torí ẹ ò bá a láyé. Àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n, tíṣà, nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ iná mànàmáná. Ní ọjọ́ Sátidé wọ́n á wọ aṣọ ayé àtijọ́, wọ́n á máa ṣe bí àwọn ará Lomé ṣe ń ṣe nígbà ìjọba Jámánì, àwọn èèyàn á sì máa ya fọ́tò wọn. Èmi ni mo ń rán aṣọ wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan, tí à ń pè ní olóòótọ́, fẹ́ kó rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí: kò gbọdọ̀ sí síìpù, kò gbọdọ̀ sí bọ́tìnnì oníke. Àwọn kejì là ń pè ní onírin. Àwọn yẹn á lẹ eyín aago àlòkù mọ́ fìlà, wọ́n á fi bàbà ṣe awò ojú, wọ́n á máa bi ara wọn pé ká ní àwọn baba wa ló kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi rìn ńkọ́. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi mú bí abẹ. Mo fi àwọn onírin ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ní ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n dé sórí. Ọ̀dọ̀ àwọn olóòótọ́ ni mo dúró sí, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé aránṣọ tó bá purọ́ fún aṣọ, aṣọ á tú àṣírí rẹ̀ níta.

Ìgbéraga yẹn ló gbé mi dé ìdí àpótí páànù yín. Ẹ kì í jẹ́ ká ṣí i. Tí ẹ bá fẹ́ sá ohun tó wà nínú rẹ̀ sóòrùn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń ṣe é, ẹ ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ẹ ó máa súfèé. Mo gbé ẹ̀wù ọlọ́pàá baba bàbá yín jáde, mo gbé e lọ fún ẹgbẹ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́, olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìn tì, fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Orí mi wú. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ilé Ẹlẹ́gbà ni wá, pé baba ńlá wa ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn ìyàwó òyìnbó kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá Jámánì. Ohun tí ẹ sọ fún mi nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Màmá arúgbó kan wà níbẹ̀, ìyá ọ̀kan nínú wọn, Ànàgó tó ń sọ Yorùbá, láti Bẹ̀nẹ̀, tó ń gbé àdúgbò Adakpamé. Wọ́n ti ń jẹ ẹ̀pà wọn jẹ́jẹ́ látàárọ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹlẹ́gba." Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi dáadáa ni. Mo tún un pè, mo fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀: Ẹlẹ́gbà. Màmá mirí.

"Kì í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, ọmọ mi. Ẹgba tí wọ́n fi ń na èèyàn ni. Ìyá mi mọ orúkọ yẹn."

Wọ́n kó ẹ̀pà wọn, wọ́n lọ jókòó síbòmíràn.

Elegba ni akọ̀wé kọ sínú ìwé ìbí mi, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹnu yín nìkan ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ rẹ ohùn náà sílẹ̀ fún wa ni, Bàbá? Àbí ẹlòmíràn ló ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin náà?

Mo délé, mo yí inú ẹ̀wù náà síta, mo wá fi ojú aránṣọ wò ó. Abíyá òsì kò já rí. Òwú ọjọ́ tí wọ́n rán an ló ṣì wà níbẹ̀. Abíyá ọ̀tún ti ya, wọ́n rán an pa dà, ó tún ya, ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi àti ẹ̀yin mọ ohun tó ń ya abíyá aṣọ: apá tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀ ni. Ẹni tó ń ta ẹ̀gbà kì í gbé apá báyẹn. Mo sì dá rírán tó gbẹ̀yìn mọ̀ bí mo ṣe mọ ìkọ̀wé yín: abẹ́rẹ́ mẹ́ta síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ọwọ́ yín ni. Kí lẹ ń tún un ṣe fún? Ta lẹ rò pé yóò wọ̀ ọ́?

Ọ̀rọ̀ màmá dé etí ọ̀gá ẹgbẹ́. Kàkà kí ojú tì í, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òótọ́ pọ́ńbélé la rí yìí. Lọ́la wọ́n máa ṣe bí wọ́n ṣe ń na èèyàn ní gbangba nígbà náà. Àbúrò mi, ọmọ yín ọkùnrin kan ṣoṣo, ló máa wọ ẹ̀wù náà tó máa mú ẹgba. Kòfí oníná, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló máa dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, torí wọ́n na baba ńlá tirẹ̀ náà. Wọ́n ní ẹgba ọ̀hún gbọ́dọ̀ bà á lára lóòótọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kòfí fúnra rẹ̀ gbà, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn onírin ṣe é, kí wọ́n fi bébà ṣe ẹgba. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ rán síìpù mọ́ ẹ̀wù Jámánì. Irọ́ àwọn onírin kò na ẹnikẹ́ni rí, Bàbá. Mi ò tètè rí i.

Láti ọjọ́ Ajé ni àbúrò mi ti ń na àpò iyanrìn lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kìíní, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ń sọ pé kí n wá dùbúlẹ̀. Lánàá kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Mo pè é wá jẹun, kò gbọ́. Ó ń ka iye ẹgba rẹ̀ lábẹ́nu. Nígbà tó wọlé, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde jàre. Ça va aller, kò séwu. C'est l'histoire, ìtàn ni, eré lásán ni."

Ṣé ìtàn ni àbí eré? Òun náà ò mọ̀.

Ó ti wá sí mi lọ́kàn láti sun ẹ̀wù náà, ṣùgbọ́n mi ò lè dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ìrètí kan ṣoṣo ló kù fún mi: aṣọ àtijọ́ sábà máa ń kéré fún ẹni ìsinsìnyí, èjìká ọmọ yín sì fẹ̀. Mo ti pinnu pé tó bá fún un lára, mi ò ní tú u. Mo máa ní aṣọ ti gbó, kò gba abẹ́rẹ́ mọ́.

Ó wọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Mo fi tépù wọn èjìká rẹ̀, mo wọn àyà rẹ̀, mo tún wọn èjìká. Mo ní kó gbé apá ọ̀tún sókè. Ó gbé e kọjá orí, abíyá náà kò fà rárá. Ó bá a mu, Bàbá. Kò sí ibì kan tí mo máa tún ṣe.

Kò tíì bọ́ ọ. Kòfí ti dé báyìí. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí i ní bonjour, ó tún kí i lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò mi ti tún ń ka iye ẹgba rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó ń bẹ̀rù orúkọ yín.